Orúkọ ẹni tó gbà á ńkọ́?

Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí ọ̀rẹ́ mi kan pè mí pé kí n wá bá àwọn to ìwé bàbá àwọn. Bàbá ti kú, ó ti lé lọ́dún kan, àwọn ọmọ wá fẹ́ kó ìwé ẹ̀ jọ síbì kan kí àwọn ọmọọmọ lè rí nǹkan kà nípa ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ẹlẹ́yinjú àánú lọkùnrin yẹn, ó rán ọmọ ọlọ́mọ níléèwé, ó sanwó ọsibítù fún ẹni tí ò mọ̀ rí, kì í sì í pariwo ẹ̀. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀ wọ́n ti pín ìwé sọ́nà méjì. Èyí tó wà lórí tábìlì ni àwọ́ọ̀dù, fọ́tò tí òun àtàwọn èèyàn ńlá jọ yà, àti ìwé ìròyìn tó gbé orúkọ ẹ̀. Èyí tó wà nílẹ̀ wà nínú àpò mẹ́rin, wọ́n ní ìyẹn ń lọ síná. Mo tọwọ́ bọ àpò kan, lẹ́tà ló kún inú ẹ̀, lẹ́tà àwọn tó wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ bàbá.

Mo fa ọ̀kan yọ. Ojú ewé ìwé ọmọléèwé tí wọ́n fà ya ni, ọmọbìnrin kan ló kọ ọ́, ó ní owó ìdánwò ló kù tóun ò rí san, ìyá òun sì ti yáwó débi tẹ́nì kankan ò yá a mọ́. Lẹ́yìn ìwé yẹn bàbá fi pẹ́ńsù kọ iye owó, ó fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, ó wá fi píìnì so rìsíìtì iléèwé mọ́ ọn. Píìnì yẹn ti dípẹtà, ó ti fi àmì pupa rúsúrúsú sára ìwé méjèèjì. Mo tún wá inú àpò síwájú sí i, mo rí ìkọ̀wé kan náà, ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, lọ́tẹ̀ yìí kò tọrọ nǹkan kan, èsì ìdánwò ẹ̀ ló kọ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ kan tẹ̀ lé òmíì, títí tó fi kan ìsàlẹ̀ ìwé. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ibẹ̀ náà ni mo jókòó sí, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun nǹkan yìí.

Ọmọ wọn àgbà ò gbà o. Ó ní ìtìjú àwọn èèyàn ló wà nínú àpò yẹn, bàbá àwọn ò sì ní fẹ́ kẹ́nì kankan rí i. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ wọ̀ mí létí, mo ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń ka irú ìwé báyìí, àkójọ ìwé àwọn olówó tó fowó wọn ṣàánú, torí àwọn ilé ìpamọ́ ìwé ti gbé púpọ̀ nínú ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, èèyàn lè jókòó sílé kó máa ṣí i léwé-léwé. Torí kí n lè mọ bí olówó ṣe ń ronú ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, tí mo bá ti ṣí fáìlì kan, ẹni tó gba owó ni mo kọ́kọ́ máa ń wá. A máa ń sọ pé ọwọ́ ẹni tó ń fúnni ló ń wà lókè, òótọ́ ni, àmọ́ tọ́rọ̀ bá ti dọ̀rọ̀ ìwé, ọwọ́ tó wà nísàlẹ̀ yẹn ló máa ń tètè pa rẹ́.

Ẹ wo John D. Rockefeller, olówó epo rọ̀bì Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó ríṣẹ́ akọ̀wé ìṣirò owó ní Cleveland lọ́jọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1855, títí tó fi darúgbó ló ń ṣọdún ọjọ́ yẹn. Ó ra ìwé kékeré kan tó sọ ní Ledger A, ibẹ̀ ló ń kọ gbogbo sẹ́ǹtì tó bá wọlé àti gbogbo èyí tó bá jáde sí, owó ilé, owó aṣọ, owó tó fi tọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Owó oṣù yẹn ò tíì tó gbọ́ bùkátà tó ti ń yọ ọrẹ nínú ẹ̀, ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ nìyẹn, torí ọ̀pọ̀ wa ló ń dúró dìgbà tówó bá pọ̀. Nígbà tó fi máa di 1859 ó ti fún ọkùnrin dúdú kan ní Cincinnati lówó kó lè fi ra ìyàwó ẹ̀ kúrò lóko ẹrú. Ẹ fojú inú wò ó ná. Ọkọ ń ti ojúlé dé ojúlé wá owó tó máa fi ra ìyàwó ara ẹ̀, ọmọ ogún ọdún kan wá yọ nǹkan fún un nínú èyí tó ní. Lójú ìwé ìṣirò, ìnáwó ni láàárín ìnáwó yòókù. Ìwé ìṣirò mọ iye tó jáde, kò mọ ojú tí ọkùnrin yẹn fi gbà á.

Ledger A wà lónìí ní Rockefeller Archive Center, ní Sleepy Hollow, ìpínlẹ̀ New York, ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1974 nínú ilé ńlá kan tó ń jẹ́ Hillcrest, ilé tí wọ́n kọ́ fún ìyàwó kejì tí ọmọ Rockefeller fẹ́. Kì í ṣe ìwé ìdílé nìkan ló wà níbẹ̀, ìwé àjọ àánú Rockefeller Foundation tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1913 wà níbẹ̀, wọ́n ti kó ti Ford Foundation náà lọ síbẹ̀. Ohun tó bí gbogbo ìwé yẹn ni pé lẹ́tà ìtọrọ pọ̀ dé ibi tí ọkùnrin yẹn ò rójú mí mọ́, wọ́n ń tẹ̀ lé e dé ìdí oúnjẹ, wọ́n ń tẹ̀ lé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, ló bá gba pásítọ̀ Baptist kan tó ń jẹ́ Frederick Gates sídìí ẹ̀ ní 1891 pé kó máa bá òun ka lẹ́tà, kó máa wádìí, kó máa sọ èyí tó yẹ ká dá lóhùn. Bí ìtọrọ ṣe di iṣẹ́ ọ́fíìsì nìyẹn o, tó ní fáìlì, tó ní akọ̀wé, tó ní ìdáhùn tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe àwọn tó ń tọrọ ni, bóyá ni ilé ìpamọ́ ìwé yẹn ì bá tó báyẹn.

Ìtàn kan wà nínú iṣẹ́ Rockefeller Foundation yẹn tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Ní 1927, ní Gold Coast tó wá di Ghana, àwọn dókítà àjọ náà tó ń wádìí ibà pọ́njú gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi, ọmọ ọdún 28, ibà náà ti mú un. Wọ́n gún ẹ̀jẹ̀ yẹn sí ọ̀bọ lára, ọ̀bọ kú, Asibi yè. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n tọ́jú, wọ́n sì sọ ọ́ ní Asibi, òun ni Max Theiler àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní New York tọ́ títí agbára ẹ̀ fi rọ̀, tó fi di abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D ní 1937. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ ní 1951, àjẹsára yẹn náà ni wọ́n ṣì ń gún fún èèyàn títí di òní. Tí èèyàn bá ka ìwé àjọ náà láti òkè délẹ̀, ohun tó máa rí ni pé olówó Amẹ́ríkà kan fi owó ẹ̀ gba ayé lọ́wọ́ ibà. Mi ò jiyàn ẹ̀. Àmọ́ ta ló kọ́kọ́ mú nǹkan wá síbi ọ̀rọ̀ yìí? Ẹnì kan dùbúlẹ̀ àìsàn, ó na apá sílẹ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀. Tèmi ni pé orúkọ Asibi yẹ kó wà lára orúkọ àwọn tó tọrẹ.

Èyí tí mo kà ju gbogbo ẹ̀ lọ ni ti Julius Rosenwald, ọ̀gá ilé iṣẹ́ Sears, Roebuck ní Chicago. Ní 1912 ó fún Tuskegee, ilé ìwé àwọn èèyàn dúdú ní Alabama, ní $25,000, Booker T. Washington tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ wá bi í bóyá àwọn lè yọ díẹ̀ nínú ẹ̀ kọ́ ilé ìwé kéékèèké mẹ́fà fún àwọn ọmọ dúdú ní abúlé Alabama, torí ibi tí ìjọba ń rán àwọn ọmọ yẹn sí nígbà yẹn kì í ṣe ibi téèyàn ń kọ́ ìwé, omíì nínú ẹ̀ ò tó ṣẹ́ẹ̀dì. Rosenwald gbà. Nígbà tó fi máa kú ní 1932 ilé tí wọ́n ti kọ́ ti lé ní 5,300 ní ìpínlẹ̀ 15, ó ku díẹ̀ kí ilé ìwé inú ẹ̀ pé 5,000, ìyókù jẹ́ ilé olùkọ́ àti ilé iṣẹ́ ọwọ́. Ìlànà ẹ̀ ni pé òun ò ní dá gbogbo ẹ̀ san, ìjọba máa mú tiẹ̀ wá, aráàlú náà máa mú tiwọn wá.

Ìwé tara ẹ̀ wà ní University of Chicago, ìwé àjọ ẹ̀ wá wà ní Fisk, yunifásítì àwọn èèyàn dúdú ní Nashville. Ti Fisk yẹn ni mo máa ń lọ. Káàdì ló wà fún ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, fọ́tò ilé náà máa wà níbẹ̀, ilé pákó tí fèrèsé ẹ̀ tò tẹ̀ léra kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé dáadáa torí kò síná mànàmáná, lẹ́yìn náà wọ́n á wá to owó sílẹ̀: iye tí àwọn dúdú dá, iye tí àwọn funfun dá, iye tí ìjọba mú wá, iye tí Rosenwald fi sí i. Ẹ ka ìlà yẹn láti káàdì dé káàdì. Ní gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, nǹkan bíi $4.3 mílíọ̀nù ni owó Rosenwald, ti àwọn dúdú tó jẹ́ pé oko olóko ni púpọ̀ nínú wọn ń dá jẹ́ nǹkan bíi $4.7 mílíọ̀nù. Wọ́n fi jù ú lọ! Bẹ́ẹ̀, owó orí tí wọ́n ti san fún ìjọba ò sí nínú ìyẹn. Àwọn kan ya ilẹ̀ òwú sọ́tọ̀ pé èrè ẹ̀ ti ilé ìwé ni, àwọn tó ń sin adìyẹ mú adìyẹ wá, àwọn tí ò ní nǹkan kan gé igi, wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn sí i.

Aṣojú tó ń lọ káàkiri Alabama kọ ìròyìn ìpàdé kan tí wọ́n ṣe ní Boligee. Wọ́n ń dáwó, ó ti fẹ́ dúró, ni bàbá àgbàlagbà kan tó ti ṣe ẹrú rí bá dìde, ó fa àpò kan tó ti dọ̀tí fún òróró yọ, ó dà á sórí tábìlì, gbogbo ohun tó fi ọjọ́ ayé ẹ̀ kó jọ ló wà nínú ẹ̀, $38. Ó ní òun fẹ́ kí ọmọ àwọn ọmọọmọ òun rí ọ̀nà lọ. Mo ti ka ibẹ̀ yẹn bí ìgbà mẹ́wàá. Aṣojú yẹn kọ bí àpò ṣe rí, ó kọ iye owó, ó kọ ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ, nínú ìtàn tó dé etí gbogbo wa, bàbá àgbàlagbà náà ló ṣì ń jẹ́. Ilé tí wọ́n jọ dáwó kọ́ ní gbogbo ìpínlẹ̀ yẹn, ilé ìwé Rosenwald ni ayé ń pè é. Rosenwald alára ò pa wọ́n láṣẹ bẹ́ẹ̀, kò tiẹ̀ fẹ́ kí nǹkan máa jẹ́ orúkọ òun títí ayé, ó ní kí wọ́n ná owó àjọ òun tán kó tó pé ọdún 25 tóun bá ti kú, wọ́n sì tì í pa ní 1948. Mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an nítorí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kí àwọn ọmọ máa ṣa èyí tó dáa nínú ìwé òbí, ti Andrew Carnegie, olówó irin ní Amẹ́ríkà, ni mo máa ń fi ṣàpẹẹrẹ. Ní oṣù kejìlá 1868, ọmọ ọdún 33 ni, ó jókòó ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní New York, ó kọ̀wé sí ara ẹ̀ pé owó tó ń wọlé fóun lọ́dún ti tó $50,000, pé òun ò ní wá jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́, ọdún méjì sí i òun á fi òwò sílẹ̀, pé téèyàn bá ń lé owó ṣáá ó máa ba òun jẹ́ kọjá àtúnṣe. Ìwé yẹn ò sọnù. Ọdún méjì pé, kò fi òwò sílẹ̀. Ó di 1901 kó tó ta ilé iṣẹ́ irin ẹ̀ ní $480 mílíọ̀nù, láàárín kan náà la ti rí ti Homestead ní 1892, tí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ tí ẹ̀mí sì bọ́. Owó ẹ̀ náà ni wọ́n fi kọ́ ilé ìkàwé tó lé ní 2,500 káàkiri ayé. Gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ òótọ́, èèyàn kan náà ló ṣe é. Tó bá jẹ́ àwọ́ọ̀dù àti fọ́tò nìkan ni wọ́n kó pamọ́, a ò ní mọ̀ pé ọkùnrin yẹn ti rí ewu náà láti ọmọ ọdún 33.

Iná náà sì ti jẹ tiẹ̀ nínú irú ìwé yìí. Angela Burdett-Coutts, obìnrin olówó jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ẹ̀, òun àti Charles Dickens, òǹkọ̀wé nì, ni wọ́n jọ dá Urania Cottage sílẹ̀ ní London ní 1847, ilé tí àwọn ọmọbìnrin tó ti ṣẹ̀wọ̀n tàbí tí wọ́n ti ń ta ara wọn lè sá wá. Lẹ́tà tí Dickens kọ sí i wà ní Morgan Library ní New York, ó pọ̀ lọ jàra, ó dùn ún kà. Ṣùgbọ́n ní 1860 Dickens kó lẹ́tà tó ti gbà láti ogún ọdún jọ sẹ́yìnkùlé, ó sun ún. Ìwé tó ń kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn ọmọbìnrin yẹn sí náà ti sọnù. Ẹnì kan ló wá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí èèyàn pọ̀ sí. Ìyẹn ni mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ́jọ́ tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣáná sí àpò mẹ́rin.

Mo tún sọ ti Foundling Hospital fún wọn, ilé tí wọ́n ti ń gba ọmọ tí ìyá wọn ò lè tọ́. Thomas Coram, ọ̀gá ọkọ̀ òkun tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń rí ọmọ ìkókó tí wọ́n gbé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní London, ó fi ọdún 17 bẹ àwọn èèyàn kiri kí ọba tó fọwọ́ sí i ní 1739, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ ní 1741. Wọn kì í béèrè orúkọ ìyá. Akọ̀wé á gba ọmọ, á kọ ọjọ́, á kọ aṣọ tí ọmọ wọ̀, á wá gé díẹ̀ lára aṣọ náà, tàbí kó gba àgékù tí ìyá mú wá, á fi píìnì gún un mọ́ ìwé, kó lè jẹ́ pé tí ìyá bá padà wá lọ́jọ́ kan, àgékù yẹn ni wọ́n á fi mọ ọmọ ẹ̀. Láàárín 1741 sí 1760 ọmọ tí wọ́n gbà jẹ́ 16,282. Àwọn tí ìyá wọn padà wá gbà ò ju 152 lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wá rí ni pé àgékù aṣọ nǹkan bí 5,000 ló wà lára ìwé yẹn di òní olónìí ní London, àwọn tó ń kọ ìtàn aṣọ sì ń lọ síbẹ̀ torí kò síbòmíì tí wọ́n ti lè rí aṣọ tí obìnrin tálákà ń wọ̀ láyé ìgbà yẹn tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ olówó ló máa ń pẹ́ láyé, ti tálákà wọn á wọ̀ ọ́ títí á fi di àkísà. Àwọn tó wà níbẹ̀ yẹn, oòrùn ò pa á, torí inú ìwé ló wà, àwọ̀ ẹ̀ ṣì mọ́: òdòdó kéékèèké, ríbọ́ọ̀nù, etí aṣọ ọmọ. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ àjákù oríṣiríṣi tí wọ́n rán pọ̀, wọ́n fi òwú ya ọkàn sí i, wọ́n wá gé e sí méjì. Ìdajì ló bá ọmọ kan tó ń jẹ́ Charles wọlé ní oṣù kejì ọdún 1767. Ilé náà fún un ní orúkọ tuntun bí wọ́n ti ń ṣe, Benjamin Twirl. Ìdajì kejì wà lọ́wọ́ ìyá. Ní oṣù kẹfà 1775, Sarah Bender padà wá, ó gba ọmọ ẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ló fi tọ́jú ìdajì aṣọ.

Ọmọ àgbà yẹn dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí mo sọ èyí tán. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìtìjú tó sọ, òun ló jàre níbẹ̀, mo sì gbà fún un. Ẹni tó kọ lẹ́tà pé ọkọ òun lé òun jáde, pé àìsàn báyìí ń ṣe òun, ẹnì kan ṣoṣo ló kọ ọ́ sí, kò kọ ọ́ sí èmi, kò kọ ọ́ sí ọmọọmọ ẹnì kankan. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé ìpamọ́ ìwé fi máa ń ti fáìlì míì pa fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n á kọ ọ́ sí inú ìwé atọ́ka pé ó wà, ẹnì kankan ò ní ṣí i kí àkókò tó pé. Ohun tá a jọ fẹnu kò sí náà nìyẹn: a ò ní sun ún, a ò ní ya á ní fọ́tò, kò ní dé orí WhatsApp ìdílé, ẹni tó bá kọ lẹ́tà tó bá ṣì wà láàyè ló ni í, tó bá ní ká dá a padà a máa dá a padà. Títì ni ká tì í. Ẹni tó bá sun ún ti dáhùn fún wọn láì bi wọ́n.

Ọjọ́ Sátidé là ń ṣe é. Ó lọ́wọ́ nínú, ó sì gba sùúrù. Píìnì àti kílípù tó ti dípẹtà la kọ́kọ́ ń yọ, jẹ́jẹ́, torí tó bá ya ìwé ó ti ya nìyẹn. A kì í fi sẹ́lótéèpù kan nǹkan kan, àwọ̀ ẹ̀ máa ń wọnú ìwé tó bá yá. Pẹ́ńsù la fi ń kọ nọ́ńbà, kì í ṣe bíírò. Àpò lẹ́tà náà là ń tọ́jú, torí ọ̀pọ̀ ò kọ ọjọ́ sínú lẹ́tà wọn, àmì orí sítáǹpù nìkan ló ń sọ ọdún tó dé. Èyí tó le jù fún mi ni pé kí n má tún un tò. Bí ẹni tó ni ìwé bá ṣe to ìwé ẹ̀ ni kó wà, torí ètò yẹn fúnra ẹ̀ ń sọ nǹkan nípa ẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí kì í fọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. A ti rí i báyìí pé bàbá kì í to lẹ́tà bí orúkọ tàbí bí ọdún, èyí tó ti dá lóhùn wà papọ̀, èyí tí ò tíì rówó ẹ̀ wà papọ̀, ó sì di ìyẹn ní rọ́bà.

Lẹ́tà méjèèjì tí ọmọbìnrin yẹn kọ ò sí lójú kan náà nínú àpò, nǹkan bí ogójì lẹ́tà ẹlòmíì ló wà láàárín wọn. Ọwọ́ ń yún mi kí n kó wọn pọ̀. Mo fi wọ́n síbi tí bàbá fi wọ́n sí, mo kọ nọ́ńbà ìkejì sẹ́yìn èkíní, mo kọ nọ́ńbà èkíní sẹ́yìn ìkejì. Àpò kejì la wà báyìí.